Ọ̀nà òkun tàbí ọ̀nà yíyá: bí mo ṣe ń pinnu èyí tí n ó gbà láti Oakland dé Los Angeles

Iṣẹ́ oúnjẹ ayẹyẹ ni mò ń ṣe. Oakland ni mò ń gbé, ní Kalifóníà, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn oníbàárà mi wà ní Los Angeles àti agbègbè rẹ̀: Inglewood, Hawthorne, Carson, títí dé Riverside. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ó kéré tán, mo máa ń to kúlà sẹ́yìn Sienna mi, n ó sì kọrí sí gúúsù. Kò sí ẹni tó bá mi wọ ọkọ̀ yẹn rí tí kì í bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ìyá Ìbejì, kí ló dé tí a ò gba ọ̀nà òkun? Wọ́n ní ó rẹwà."

Ó rẹwà lóòótọ́. Mo ti rìn dé Ìdànrè, mo ti rìn dé Èrìn-Ìjẹ̀ṣà, n kò tíì rí ọ̀nà mọ́tò tó rẹwà tó o. Òkè wà lọ́wọ́ òsì yín, Òkun Pàsífíìkì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, títì tẹ́ẹ́rẹ́ sì rọ̀ mọ́ ìdí òkè náà bí ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gba ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ tí kò yẹ kí n gbà á, mo sì ti gbà á lọ́jọ́ tó yẹ. Nítorí ọjọ́ méjèèjì ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lè mọ ohun tó yẹ kó gbé yẹ̀wò kó tó ṣí ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ tí kò yẹ. Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni. Oníbàárà kan ní Inglewood fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ní àárọ̀ Sátidé, mo sì ti ṣèlérí pé oúnjẹ á wọlé kí aago méje alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó lù. Kúlà mẹ́rin ni mo gbé: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù méjì, mọ́ínmọ́ín kan, ọbẹ̀ ata díndín kan tí ẹran ògúfe kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ò tíì rí etí òkun yẹn rí. Ó bẹ̀ mí. Mo wo fóònù, fóònù ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta péré ni yóò fi lé ti ọ̀nà yíyá. Mo ní kò burú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la kúrò nílé.

Láti Carmel ni kùrukùru ti bò wá. Òkun tí a torí rẹ̀ wá, bí ògì funfun la rí i. A gun orí afárá Bixby, a ò rí ìsàlẹ̀ afárá. Nígbà tí a kọjá Lucia, níbi tí kọ́nà ti ń gba kọ́nà lọ́wọ́ ara wọn, mo gbọ́ tí nǹkan rọ́ gììrì lẹ́yìn. Mo wá ibi tí mo lè yà sí, mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kúlà ọbẹ̀ ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìdérí rẹ̀ ti já. Ata ti ṣàn wọ abẹ́ àga, kápẹ́ẹ̀tì ti rin gbingbin, eegun ògúfe kan há sí ojú irin tí àga fi ń sún síwájú sẹ́yìn. Òórùn tàtàṣé àti àlùbọ́sà gba inú kùrukùru kan. Ọmọbìnrin yẹn ti bẹ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀, ó di irin ẹ̀gbẹ́ títì mú, ó ń bì.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú la tó dé Inglewood. Mo ki irin ìwọ̀n ooru bọ inú ìrẹsì, 118 ló kà. Òfin Kalifóníà ni pé oúnjẹ gbígbóná kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 135 lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo sì dáná nínú ilé ìdáná oníbàárà náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n jẹun, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ojú tì mí gan-an, èrè iṣẹ́ yẹn sì bá a lọ.

Fóònù kò purọ́ fún mi. Iye wákàtí tí táyà yóò fi yí ló sọ, èmi ni kò ronú kan iye tí a ó fi dúró. Ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, nítorí ọ̀nà etí òkun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí láti inú ọkọ̀ tó ń sáré. Dẹ́rẹ́bà gan-an kì í rí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ wà lára kọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì. Ìgbà tí ẹ bá yà sẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹ pa iná ọkọ̀, tí ẹ sọ̀kalẹ̀, tí atẹ́gùn fẹ́ sí yín lára, tí ẹ gbọ́ bí omi ṣe ń fọ́ mọ́ àpáta nísàlẹ̀, ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ohun tí ẹ san wákàtí fún. Ẹni tí kò bá ní ààyè àtidúró, kó gba ọ̀nà yíyá, kó tètè débi tó ń lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ọ̀nà 5 ni ti oníkánjú: láti Oakland, nǹkan bíi 370 máìlì ni, wákàtí mẹ́fà tí títì ò bá dí. Inú àfonífojì San Joaquin ló gbà, oko álímọ́ńdì lọ́tùn-ún lósì, tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn, tí ẹ bá sì ń sún mọ́ Coalinga, òórùn ọgbà màlúù á ti kí yín kí ẹ tó rí màlúù kankan. Ọ̀nà 101 ló tẹ̀ lé e. Ó gba Salinas, King City, Paso Robles, San Luis Obispo àti Santa Barbara, ẹ fi wákàtí méje sí méje àbọ̀ sí i. Ọ̀nà 1 ni ti etí òkun, ṣùgbọ́n tí àwọn èèyàn bá ní "ọ̀nà òkun," apá kan péré ni wọ́n ń sọ: láti Carmel dé San Simeon, agbègbè tí wọ́n ń pè ní Big Sur. Kò ju nǹkan bíi 90 máìlì lọ. Lórí Ọ̀nà 5, wákàtí kan àti díẹ̀ ni 90 máìlì. Níbí, wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ni, ẹ ò sì tíì dúró níbì kankan.

Oakland sí Carmel, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Carmel sí San Simeon, ẹ pè é ní mẹ́ta. San Simeon sí San Luis Obispo, nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. San Luis Obispo sí Los Angeles, mẹ́ta àbọ̀, tí kì í bá ṣe ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ó ti lé ní mẹ́sàn-án àbọ̀. Ẹ wá dúró lẹ́ẹ̀márùn-ún, ìdajì wákàtí ní ibi kọ̀ọ̀kan, torí pé kò sí ẹni tó máa ń sọ̀kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀, ọ̀rọ̀ fọ́tò nìkan ti tó bẹ́ẹ̀. Ó ti di méjìlá. Ẹ sì tún gbọ́dọ̀ jẹun. Wákàtí mẹ́fà ni ọ̀nà yẹn fi ń gbà lọ́wọ́ yín ju Ọ̀nà 5 lọ, ó tó iye tí ẹ ó fi dé Los Angeles lórí Ọ̀nà 5 náà. Bí mo bá wo ọjọ́ tí mo rí i pé mẹ́ta ni mo ní láti fún un, n kì í fún un rárá. Mẹ́ta yẹn ló ń bani lọ́kàn jẹ́ jù: ó ti pẹ́ tó láti bá ètò jẹ́, kò sì pẹ́ tó kí èèyàn gbádùn ohunkóhun.

Kí ẹ tó ṣírò wákàtí rárá, ẹ wò ó bóyá ọ̀nà náà ṣí. N kò fi èyí ṣeré. Òkè Santa Lucia dìde tààrà láti inú òkun ni, àpáta rẹ̀ ti fọ́ yángá, kò fi bẹ́ẹ̀ di ara mú. Tí òjò bá rọ̀ púpọ̀, tàbí tí iná bá ti jó igbó orí rẹ̀ kí òjò tó dé, òkè á ya, á sì gbé títì lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ibì kan tí wọ́n ń pè ní Mud Creek ya, ilẹ̀ bo títì mọ́lẹ̀ ó sì ṣàn wọ inú òkun. Oṣù keje ọdún 2018 ni wọ́n tó ṣí i padà. Ọdún 2017 yẹn náà ni afárá Pfeiffer Canyon bàjẹ́ tí wọ́n wó o. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, títì já ní Rat Creek, oṣù kẹrin ni wọ́n tó tún un ṣe. Ní 2023 òmíràn tún ya, òmíràn tún ya ní 2024, tó fi jẹ́ pé ní gbogbo ọdún 2024 àti 2025, kò sí ẹni tó lè wakọ̀ láti Carmel dé San Simeon kó má yí padà.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé kò sí àbùjá. Tí ẹ bá ti wọ àárín ọ̀nà yẹn tí ẹ wá bá a ní títì pa, ibi tí ẹ gbà wá lẹ ó gbà padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gun òkè kọjá sí ọ̀dọ̀ 101, Nacimiento-Fergusson ni wọ́n ń pè é, ó há, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n sì máa ń ti òun náà pa. Àjọ tó ń bójú tó títì ní Kalifóníà, Caltrans, ní ojú máàpù kan tí wọ́n ń pè ní QuickMap. Òun ni mo máa ń wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, n ó sì tún wò ó láàárọ̀ kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́. Tí òjò bá ti rọ̀ lọ́jọ́ méjì léraléra, n kì í dúró wo máàpù kankan, 101 ni mò ń gbà. (Ẹ má sì rò pé Ọ̀nà 5 bọ́ lọ́wọ́ ewu: lásìkò òtútù, yìnyín máa ń jẹ́ kí wọ́n ti ibi òkè Grapevine pa, àwọn tírélà á sì tò lọ bí èèrà.)

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ oòrùn. Ẹ̀yìn ni mo ti máa ń kà á, láti ìgbà tí oòrùn yóò wọ̀. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù. Ní àárín oṣù kẹwàá, aago mẹ́fà àbọ̀ ni. Ní oṣù kẹfà, ó di mẹ́jọ àbọ̀. Mo fẹ́ kí n ti dé San Simeon ní wákàtí kan ṣáájú, apá Big Sur yóò sì gbà mí ní wákàtí márùn-ún àbọ̀ pẹ̀lú dídúró. Ìyẹn ni pé tí a bá wà nínú oṣù kejìlá, mo gbọ́dọ̀ ti wà ní Carmel ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí n sì ti kúrò ní Oakland kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹni tó jí ní aago mẹ́sàn-án lásìkò yẹn ti pàdánù ọ̀nà òkun ọjọ́ náà, kó gba kámú. Lálẹ́, kọ́nà nìkan ló kù níbẹ̀, kò sí iná lẹ́bàá títì, òkun náà sì ti di òkùnkùn.

Kùrukùru ńkọ́? Omi òkun ibẹ̀ tutù gan-an, bí ooru àárín ilẹ̀ bá ti ń mú, kùrukùru á gbéra láti ojú omi wá bo etí òkun. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ló burú jù, àárọ̀ ló sì máa ń wúwo jù. Nígbà mìíràn ó máa ń ká ní ọ̀sán, nígbà mìíràn ó máa ń sùn síbẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti ibòmíràn máa ń rò pé ìgbà ooru ni àsìkò òkun, nítorí pé ìgbà náà làwọn ọmọ gba ìsinmi. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni èmi máa ń dá fún ẹni tó bá bi mí. Ojú ọ̀run á mọ́, èrò á sì ti dín kù.

Ẹ wo àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ẹ wo ẹrù tó wà níbẹ̀. Tí èébì bá máa ń gbé ẹnì kan lójú ọ̀nà tó dára, ẹ má fi ọ̀nà yìí dán an wò. Tí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ gbé e, kó jókòó síwájú, kó má tẹ fóònù, kó jẹ atalẹ̀. Ọmọ kékeré tó ń sùn ní àga ẹ̀yìn, tí a ń jí lẹ́ẹ̀márùn-ún láti wá wo omi, ìyà là ń fi jẹ ẹ́. Dẹ́rẹ́bà náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló lè wa ọkọ̀, ẹ rántí pé lẹ́yìn kọ́nà wákàtí mẹ́ta yẹn, ó ṣì ku wákàtí mẹ́rin kó tó délé. Ní ti oúnjẹ, mo ti sọ tèmi. Kúlà tó dára lè gbé ooru wákàtí mẹ́fà, bóyá méje. Bó ti wù kí ẹ so ó mọ́lẹ̀ tó, n kì í gbé oúnjẹ gba ọ̀nà òkun mọ́, ì báà jẹ́ abọ́ kan.

Ẹ sì wo ẹni tó ń dúró dè yín lọ́hùn-ún. Ìgbéyàwó, òkú, ọkọ̀ òfuurufú, ìpàdé ilé iṣẹ́: bí aago bá ti wà lórí ohun tí ẹ ń lọ ṣe, Ọ̀nà 5 ni. Ẹ lè gba ọ̀nà òkun nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òkè lẹ ó wà nígbà náà, òkun á wà lódìkejì títì. Láti àríwá sí gúúsù ló dára jù, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń wakọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ̀gbẹ́ òkun lẹ ó wà, gbogbo ibi ìyàsí tó dára á sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní máa dá títì kọjá níwájú ọkọ̀ tó ń yọ láti kọ́nà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni pé kó bu díẹ̀ jẹ. Gba 101 dé Paso Robles, kí o wá yà sí Ọ̀nà 46 lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó gun òkè tó rí roboto bí orí, tí koríko bò, tí ojú ọ̀run bá sì mọ́, wàá rí àpáta Morro láti òkèèrè, tó dá dúró nínú omi. Àpáta yẹn ga ní 576 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀nà náà já sí Ọ̀nà 1 lẹ́bàá Cambria. Ibẹ̀ ni etí òkun Moonstone wà, tí wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀ lẹ́bàá omi, arúgbó lè rìn ín láìní ìnira. Láti Cambria, ẹ gba Ọ̀nà 1 dé Morro Bay, kí ẹ tún padà bọ́ sí 101 ní San Luis Obispo. Gbogbo àyípo yẹn kò fi ju ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ lé ìrìn 101, kò sí kọ́nà tí yóò dojú kúlà délẹ̀ níbẹ̀, mo sì ti gbà á tó ìgbà mẹ́wàá nígbà tí mò ń darí bọ̀ wálé. Ẹ tún rántí pé 101 fúnra rẹ̀ rọ̀ mọ́ òkun láti Gaviota dé Ventura. Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń kọjá níbẹ̀ tí wọn ò gbójú sókè.

Tí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, tí ọ̀nà ṣí, tí oòrùn pọ̀, tí kò sí ẹrù, tí kò sí ẹni tó ń wo aago, ẹ lọ. Ẹ kún epo ọkọ̀ ní Carmel, nítorí owó epo àárín Big Sur ga ju ti ìlú lọ dáadáa. Ẹ fi máàpù pamọ́ sínú fóònù kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń pòórá títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé San Simeon, kí ẹ sì sọ fún ará ilé pé wọn ò ní gbúròó yín fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n má bàa máa dààmú. Òfin ìpínlẹ̀ yìí ni pé tí ẹ bá ń rọra lọ lójú títì olọ́wọ́ méjì, tí ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti tò sẹ́yìn yín, kí ẹ yà fún wọn níbi ìyàsí tó bá kàn. Ẹ ṣe é, ọkàn yín á balẹ̀.

Ní ti ibi dídúró, n kò ní ka gbogbo rẹ̀. Afárá Bixby ni gbogbo ayé mọ̀. Ọdún 1932 ni wọ́n parí rẹ̀, ó ga tó nǹkan bíi 260 ẹsẹ̀ bàtà sókè odò tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1937, ni gbogbo títì náà tó ṣí lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún méjìdínlógún. Ẹlẹ́wọ̀n wà lára àwọn tó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ jù níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí àyè yà sí, ẹ má dúró sójú títì, ẹ máa bá tiyín lọ, èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ wà níwájú.

Ọjọ́ tó yẹ ni ọjọ́ tí mo gbé màmá mi. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni, wọ́n ti Nàìjíríà dé, a sì ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ní Carson. Mo ti sọ fún un pé kó má dáná dè wá. Aago méje àárọ̀ la kúrò ní Oakland, ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo, àfi báàgì Màmá àti fíláàsì tíì wọn.

Ọmọ Ayétòrò ni màmá mi, ní Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 létí òkun, tí òkun ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo wa. Ilé tí wọ́n bí wọn sí ti wà nínú omi. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á fẹ́ wo òkun kankan, mo sì sọ fún wọn láàárọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́, a lè gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní, "Ṣé òkun ló kọ́kọ́ máa bá mi jà níbí ni? Máa wakọ̀ rẹ."

Ní ọgbà Julia Pfeiffer Burns, owó ìwọlé ọkọ̀ jẹ́ dọ́là mẹ́wàá. Ẹ máa rin ọ̀nà kúkúrú gba abẹ́ títì kọjá, ẹ ó sì yọ sí òkè ibì kan tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, ní 80 ẹsẹ̀ bàtà, sórí iyanrìn funfun. McWay ni wọ́n ń pe omi náà. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀kalẹ̀ débẹ̀, òkè lẹ ó ti máa wò ó. Màmá fọwọ́ ti irin, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n béèrè ìdí tí kò fi sí ipasẹ̀ kankan lórí iyanrìn yẹn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé tẹ́lẹ̀, inú òkun gan-an ni omi yẹn ń já sí, kò sí iyanrìn níbẹ̀. Ní 1983 ni òkè kan ya ní tòsí, bí wọ́n ṣe ń tún títì ṣe ni ilẹ̀ ń ya lọ sínú òkun, tí omi sì ń gbé e bọ̀ wá síbí, títí ó fi di etí òkun.

Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tún ìborùn wọn dì nítorí atẹ́gùn. Wọ́n wá ní, "Nítorí náà, ó máa ń dá a padà."

Mo ní, "Ẹ̀n, Mà?"

"Òkun. Mo ní ó máa ń dá ilẹ̀ padà níbòmíràn."

A lò tó wákàtí kan níbẹ̀. Ìdajì wákàtí ni mo kọ sílẹ̀ fún un. Mo yọ ibi méjì kúrò lára ibi tí a fẹ́ dúró sí, mo sì fi sí ti McWay. Bó ṣe yẹ kí ẹ ṣe náà nìyẹn: tí ibì kan bá di yín mú, ẹ má torí àkọsílẹ̀ kúrò níbẹ̀, òmíràn ni kí ẹ fò.

Piedras Blancas la dúró sí gbẹ̀yìn, kí a tó dé San Simeon. Ọ̀fẹ́ ni, ọkọ̀ máa ń ráyè, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹran òkun tí wọ́n ń pè ní elephant seal ti ń gòkè wá sùn. Tí ẹ bá wá láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ẹ ó bá àwọn akọ ńláńlá tó ń jà àti àwọn abiyamọ tó ń bímọ sórí iyanrìn. Ní oṣù kẹwàá tiwa yẹn, àwọn ọ̀dọ́ wọn ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n fara ti ara wọn bí ìgbà tí èèyàn to àpò gààrí, wọ́n ń fi ọwọ́ wọn bu iyanrìn dà sí ara. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n bi mí bóyá ó ti tó àkókò kí a máa lọ.

Mo gbójú sókè wo oòrùn. Ó ṣì jìnnà sí omi dáadáa. Mo ní kí wọ́n má kánjú, mo sì padà sínú ọkọ̀ lọ gbé fíláàsì tíì wá fún wọn.